Àkàrà Tí Yéjídé Kò Jẹ

Àníkẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń tètè rú lójú. Bí ènìyàn bá gbé aṣọ tó lábàwọ́n lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Mayfair, yóò tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi àtàǹpàkò ra á, yóò sì sọ bóyá epo ni, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti bóyá yóò bọ́ tàbí kò níí bọ́. Ohun tó bá sọ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wá fún un mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1996, ọ̀rọ̀ kan ká a mọ́ àárín ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ibi tí yóò ti dì í mú.

Ọdún 1971 ni Lágúnjú káfíńtà fẹ́ ẹ wá sí agbo ilé wọn ní Òkèrèwè. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ó bá ìyàwó nílé. Yéjídé ni orúkọ ìyáálé rẹ̀, òun ni Lágúnjú sì fi òrùka gbé níyàwó níwájú pẹpẹ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Yéjídé bí, Olúbùnmi, kò sì rí òmíràn bí lé e. Ẹbí ní kí Lágúnjú fẹ́ ẹlòmíràn. Ó janpata díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ́ ẹlòmíràn.

Òfin ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò fara sin. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì Olúwa, obìnrin tó bá sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì, òun náà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Wọ́n lè kọrin, wọ́n lè dáwó, wọ́n lè gbálẹ̀, wọ́n lè wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ìta ni wọ́n ń lọ nígbà náà. Nígbà tó yá, àlùfáà mìíràn dé tó ní kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, kí wọ́n sáà ti má dìde.

Àníkẹ́ kò bínú sí èyí. Lójú tirẹ̀, bí ayé ṣe rí ni. Láti ọdún 1976 ni wọ́n sì ti ń kó aṣọ pẹpẹ fún un fọ̀, nítorí ìyàwó àlùfáà ìgbà náà rí bí agbádá funfun Lágúnjú ṣe máa ń dán. Aṣọ tábìlì wà níbẹ̀, àwọn aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń nu ẹnu ife náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ pé omi àkọ́kọ́ tó bá fi ṣan aṣọ ife, kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà. Ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ó máa dà á sí. Ó bi àlùfáà pé kí ló dé. Àlùfáà ní ohun tó kù lára aṣọ yẹn kì í ṣe wáìnì lásán mọ́. Àníkẹ́ dúpẹ́, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Lọ́nà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ohun tí ọwọ́ òun ń fọ̀, ẹnu òun kò gbọdọ̀ kàn án. Ó rò ó títí dé ìdí igi ọsàn, ó da omi náà sílẹ̀, kò sì rò ó mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nǹkan kan wà tí kò bi ẹnikẹ́ni rí. Yéjídé náà kì í lọ síwájú. Bẹ́ǹṣì kan náà ni ìyáálé àti ìyàwó máa ń jókòó sí, lábẹ́ fèrèsé ọwọ́ òsì. Bí àwọn yòókù bá tò lọ síwájú pẹpẹ, àwọn méjèèjì á kù síbẹ̀, Yéjídé á máa wo iwájú, Àníkẹ́ á máa wo ilẹ̀. Àníkẹ́ ti gbà pé gbogbo ilé Lágúnjú ni òfin náà mú.

Lágúnjú kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1995. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e fi máa pé, Rẹ́fréǹdì Ọládipọ̀, àlùfáà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìhà Ìjẹ̀bú, wá bá Àníkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá Moyin," ni ó wí, nítorí Moyinolúwa ni àkọ́bí Àníkẹ́, "mo bá ìròyìn ayọ̀ wá. Ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ kò sí mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ní oṣù keje. Tí ẹ bá lè máa wá sí kíláàsì ní ọjọ́rú, wọn á gbé ọwọ́ lé yín lórí, ẹ ó sì jẹ oúnjẹ Olúwa."

"Ẹ ṣé, sà," ni Àníkẹ́ wí.

Nígbà tí àlùfáà lọ tán, ó dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ títí iná èédú inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó ń dí òun lọ́wọ́ kò sí mọ́. Lágúnjú ni ohun náà. Lágúnjú tó máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà ẹlòmíràn, tó máa ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ó wá wo bí àga ṣe jókòó dáadáa. Òun kò kábàámọ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Obìnrin kan náà ni òun jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án àti ní oṣù kọkànlá. Báwo wá ni ikú ọkọ ẹni ṣe ń sọ ènìyàn di ẹni mímọ́? Kò rí ẹni tó lè bi.

Ó lọ sí kíláàsì náà ṣá. Òun àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n jọ jókòó. Bàbá Oyèkúnlé, òǹkàwé ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà láéláé, ló ń kọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ́ wọn nípa ẹbọ. Ó ní láyé àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ àgbò ni wọ́n ń mú wá síwájú Ọlọ́run lọ́dọọdún, àmọ́ Jésù ti fi ara rẹ̀ rú ẹbọ kan tó kó gbogbo rẹ̀ tán, kò sì ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè fi kún un. Ó ní nígbà tí a bá jọ jẹ àkàrà Oúnjẹ Olúwa, a ń pín nínú ẹbọ yẹn, a sì ń di ara kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó ní kí Àníkẹ́ dúró.

Ó ṣí ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Orúkọ àwọn tó ń jẹ oúnjẹ Olúwa ló wà níbẹ̀, oṣù dé oṣù. Ó fi ìka sórí orúkọ kan.

"Ka eléyìí fún mi."

"Yéjídé Lágúnjú."

"Wo bí wọ́n ṣe ń màkì ẹ̀. Wo oṣù karùn-ún, 1971. Wo oṣù kẹfà. Láti ibẹ̀ lọ, ó tán."

"Ìgbà tí wọ́n dá wọn dúró nìyẹn, sà?"

"Ta ló dá a dúró?" Bàbá Oyèkúnlé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òun ni ìyàwó òrùka. Òfin kò kàn án. Òun ló dá ara rẹ̀ dúró, nítorí tìrẹ ni. Ó ní tí wọn kò bá jẹ́ kí o jẹ ẹ́, òun náà kò jẹ. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n, Àníkẹ́. Mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ẹbọ nínú ọkàn mi, mi ò kàn sọ ọ́ síta ni."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, sà?"

"Kò nílò kó sọ. Gbogbo ìjọ ló mọ̀."

Àníkẹ́ jáde. Òkèrèwè ni ó yẹ kó kọjú sí, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi rí ibi tí òun wà, Sábó ni ó bá ara rẹ̀. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò sì kún ojú ọ̀nà. Ọkùnrin Haúsá kan di ìwo ọ̀kan mú, ó bi í pé ṣé Hajia fẹ́ ọlọ́ràá ni. Ó mi orí, ó padà sẹ́yìn. Bó ṣe ń rìn, orí rẹ̀ ń rìn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí Yéjídé bá ti ṣe irú nǹkan báyìí fún òun, kí ló dé tí kò sọ ọ́? Kí ló dé tí ó máa ń bá òun jà lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò, lórí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tí kò sì fi èyí yangàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Lẹ́yìn náà, inú bí i díẹ̀. Òun kọ́ ló bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú tì í pé inú bí òun. Bàbá Oyèkúnlé kan náà ló ní kò ku nǹkan kan tí ènìyàn lè fi kún ẹbọ Jésù. Kí wá ni Yéjídé ń rú láti ọjọ́ yìí?

Kò lè béèrè. Ohun tí ó wá ń ṣe ni pé ó ń kúnlẹ̀ fún Yéjídé láràárọ̀, bíi ìyàwó tí wọ́n gbé dé lánàá. Ó ń bu ẹran tó tóbi sí i. Ó bọ́ aṣọ lára okùn kí Yéjídé lè rí àyè sá tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Yéjídé wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Àníkẹ́, ṣé dókítà sọ nǹkan kan fún ẹ nípa mi ni? Ṣé mo fẹ́ kú ni?"

"Rárá o, ìyáálé mi."

"Kí ló wá dé?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi sítáàṣì sí ṣòkòtò ọ̀jọ̀gbọ́n kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gan bíi pákó. Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, kò lọ sí kíláàsì. Ilé àlùfáà ni ó gbà lọ.

"Mo fẹ́ dúró ná, sà," ni ó wí. "Tí ìyáálé mi kò bá lọ síwájú, èmi náà kò níí lọ." Ó sọ ohun tó gbọ́ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Tí ẹbọ Jésù bá ti tó, kí ni ti ìyáálé mi? Ṣé asán ni? Wọ́n fi ebi tábìlì yẹn pa ara wọn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé."

Rẹ́fréǹdì Ọládipọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó ní ìfẹ́ tí a ní sí ara wa ń wá láti inú ẹbọ kan ṣoṣo yẹn, ó ní kì í ṣe àfikún, ó jọ èso. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Mi ò mọ̀, mà," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Àníkẹ́ kò rò pé àlùfáà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ méjì dípò ọ̀kan.

Ìròyìn dé etí Yéjídé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó pe Àníkẹ́.

"Wọ́n ní o ò lọ sí kíláàsì mọ́."

Àníkẹ́ kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ìwé ńlá, oṣù kẹfà, ohun tí Bàbá Oyèkúnlé wí. "Mi ò lè fi yín sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ìyáálé mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Yéjídé yọ òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú sí ìta.

"Dìde lórí eékún. Jókòó. N kò fẹ́ kí o kúnlẹ̀ fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí." Ó gbé àtẹ náà sílẹ̀. "Èmi kò sọ fún Oyèkúnlé pé nítorí rẹ ni. Àwọn ló sọ ọ́, mo sì dákẹ́. Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, àlùfáà tó wà nígbà náà ka orúkọ Lágúnjú àti tìrẹ síta níwájú ìjọ. Ó wá ní kí èmi bọ́ síwájú, ó ní èmi nìkan ló mọ́ nínú ilé yẹn. Inú mi dùn. Kí n má tàn ọ́, inú mi dùn gan-an. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ ti rí i báyìí. Mo lọ, mo kúnlẹ̀. Búrẹ́dì gidi ni wọ́n ń gé nígbà yẹn. Wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Mo wá bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ níta lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, o gbé ọwọ́ lé ikùn. Mo gbé búrẹ́dì náà dé ẹnu, ẹnu mi kò là. Mo dìde kí ife tó kàn mí. Mo ta búrẹ́dì náà mọ́ etí ìborùn mi, mo gbé e wálé."

"Ẹ gbé e wálé."

"N kò lè jẹ ẹ́, n kò lè dà á nù. Adìyẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ ṣa á jẹ. Ibi tí o jókòó sí yìí gan-an ni o wà. Oyún ń yọ ọ́ lẹ́nu, o ò tíì jẹun láti àárọ̀, o ní ẹ̀kọ mímu ló wù ọ́. Mo po ẹ̀kọ. Mo rún un sínú rẹ̀."

Àníkẹ́ wò ó.

"O mu ún tán," ni Yéjídé wí. "O tilẹ̀ bi mí bóyá mo fi mílíìkì sí i."

Àníkẹ́ ń wá ẹ̀kọ náà kiri nínú orí rẹ̀, kò sì rí i. Ó rántí oyún, ó rántí oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó rántí pé òun bẹ̀rù obìnrin yìí. Ẹ̀kọ tó mu nínú ilé náà lọ́dún yẹn kò níye.

"Kì í ṣe ẹbọ kankan," ni Yéjídé tún wí. "Ẹ̀rù ni. Mo mú ohun mímọ́ kúrò níwájú pẹpẹ, mo fi po ẹ̀kọ fún orogún mi. Ojú wo ni n ó fi padà síbẹ̀? Ní ọdún kìn-ín-ní, ẹ̀rù ń bà mí. Ní ọdún kejì, ó ti mọ́ mi lára. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń wò mí bí ẹni tó ṣe ohun ńlá, n kò sì bá wọn jiyàn. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Nítorí náà, má ṣe sọ pé o fẹ́ ṣe bí mo ti ṣe. Ta ni tèmi ṣe láǹfààní? Lọ sí kíláàsì rẹ."

Àníkẹ́ lọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n kò lè dá ọ̀rọ̀ náà gbé. Ó bẹ Yéjídé, ó tún bẹ̀ ẹ́, títí àwọn méjèèjì fi jọ jókòó níwájú Rẹ́fréǹdì Ọládipọ̀. Yéjídé sọ ọ́ láì gbójú sókè. Nígbà tó parí, àlùfáà kọjú sí Àníkẹ́.

"Ṣé ẹ mu gbogbo ẹ̀kọ yẹn tán, mà?"

"Wọ́n ní mo mu ún tán, sà."

"Kò kù sí ìdí abọ́?"

"Wọ́n ní mo fi ìka lá a," ni Àníkẹ́ wí, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun.

Àlùfáà ní òun yóò kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù láti béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n pe nǹkan bẹ́ẹ̀, bóyá olè ni, bóyá ìdàpọ̀ ni, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí àánú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó wá sí Òkèrèwè. Ó ní òun kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, òun sì fà á ya lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò sí bí òun ṣe kọ ọ́ tí kò di irọ́. Ó gbàdúrà ìdáríjì pẹ̀lú Yéjídé. Ó ní tábìlì náà ṣí sílẹ̀ fún un. Yéjídé ṣe àmín, àmọ́ kò ṣèlérí.

Ní oṣù keje, Bíṣọ́ọ̀bù dé. Àníkẹ́ wọ aṣọ funfun tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Àbí ìgbà kejì ni? Àkàrà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò báyìí, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ó fi ahọ́n wá adùn kan nínú rẹ̀, adùn tí ì bá jọ ti ọdún yẹn, kò rí i. Wáìnì ta á lọ́fun. Ó gbọ́ tí obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sunkún ayọ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni ohun tó wà láyà tòun. Nígbà tó padà sí bẹ́ǹṣì, Yéjídé sún fún un.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Hùn," ni Yéjídé wí.

Eékún ń dun Yéjídé lọ́dún náà, ó sì fi ìyẹn ṣe àwáwí fún oṣù kan gbáko. Rẹ́fréǹdì Ọládipọ̀ kò bá a jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tí ara wọn kò yá, ó gbé àpótí kékeré kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Òkèrèwè, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí ìjókòó tí Lágúnjú kàn, ó gbé ife àti àkàrà lé e. Yéjídé ní òun kò níí jẹ ẹ́ àfi bí Àníkẹ́ bá jẹ níbẹ̀. Àlùfáà ní Màmá Moyin ti jẹ ní àárọ̀. Yéjídé ní òun mọ̀. Àlùfáà wo àkàrà náà, ó bù ú sí méjì.

Yéjídé fi tirẹ̀ sẹ́nu. Ó pa ẹnu dé. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ògiri. Àníkẹ́ gbé tirẹ̀ mì, ó sì ń wo ọ̀nà ọ̀fun ìyáálé rẹ̀. Àlùfáà náà dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àníkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí àwọn yóò ṣe bí kò bá gbé e mì. Nígbẹ̀yìn, ọ̀fun náà lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti lọ," ni Yéjídé wí.

Lẹ́yìn tí àlùfáà kúrò, Àníkẹ́ béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀wà. "Ìyáálé mi, nígbà tí ẹ rún un sínú ẹ̀kọ yẹn, ṣé nítorí mi ni àbí nítorí kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi náà ti bi ara mi léèrè." Yéjídé na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rò pé ebi tó ń pa ọ́ ló ṣe mí láàánú. Ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rò pé mo fẹ́ kí ìdájọ́ rẹ̀, tí ó bá wà, wá sórí ẹlòmíràn. N kò mọ èyí tó ṣáájú. Bá mi fi òróró ra eékún yìí."

Àníkẹ́ fi òróró ra á.

Yéjídé lo ọdún méjì sí i láyé. Bí eékún bá gbà á, á lọ síwájú pẹpẹ, Àníkẹ́ á fi ọwọ́ sí i lábẹ́ apá. Àwọn ará ìjọ ṣì ń sọ ìtàn ẹbọ rẹ̀ bí Bàbá Oyèkúnlé ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́dún 1998. Àníkẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fẹ́ dìde kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó rò ó dáadáa, kò dá a lójú pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ obìnrin ní kí ó wá sọ ìtumọ̀ oúnjẹ Olúwa fún àwọn tó ń múra àtijẹ ẹ́. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú. Ó sọ bí àkàrà ṣe rí, ó sọ bí wáìnì ṣe máa ń tani lọ́fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹbọ, ó sì dúró lójijì. Wọ́n ń wò ó. Ó ní òun mọ ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ ẹ́, àmọ́ òun kò tíì mọ ohun tí àwọn jọ jẹ. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn yóò wá. Nígbà tí kò wá, ó tọrọ àforíjì, ó sì jókòó.